Ìwé Tí Wọn Ò Fọwọ́ Sí, Ìwé Tí Wọ́n Fọwọ́ Sí

Ẹnikẹ́ni tó bá ń darí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tàbí tó ní in lọ́kàn láti darí rẹ̀, ìtàn kan wà tí ì bá wù mí kó gbọ́ kó tó gorí àga. Ìtàn náà kì í ṣe ti awakùsà tàbí ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Ti àwọn ọ́ńpáyà baseball nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni, àwọn rẹfirí tó ń sọ bóyá bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù dáa tàbí kò dáa, tí wọ́n sì ń sọ bóyá ẹni tó ń sáré dé ibi tó ń lọ tàbí ó ti kú. Lóṣù Keje ọdún 1999, àwọn 57 nínú wọn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí olórí wọn ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Kí ọdún náà tó parí, 22 nínú wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, ẹgbẹ́ tó ti ń jà fún wọn bọ̀ wó lulẹ̀, olórí náà sì bá a lọ.

Wọ́n sábà máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ìgbéraga. Wọ́n á ní àwọn rẹfirí kan ló rò pé eré ò lè lọ láìsí àwọn, wọ́n halẹ̀, wọ́n sì jẹ iyán wọn níṣu. Mi ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ báyìí kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí àgbàlagbà 57, tí iṣẹ́ wọn gan-an jẹ́ kí wọ́n má gba ìgbàkugbà, fi gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́ nítorí pé ó ti ṣe é fún wọn rí.

Richie Phillips lorúkọ ọkùnrin náà. Lọ́yà ni, Philadelphia ló fìdí kalẹ̀ sí. Ó ti bá àwọn rẹfirí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti NBA jà kó tó di pé àwọn ọ́ńpáyà gbé ọ̀rọ̀ wọn lé e lọ́wọ́ lọ́dún 1978. Ẹ wo irú iṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù á gbá 81 nílé, á gbá 81 níta. Ní ti ọ́ńpáyà, ìta ni gbogbo rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, òtẹ́ẹ̀lì dé òtẹ́ẹ̀lì, bàálù dé bàálù. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bàbá ò sí nílé. Kò sí ọ̀sẹ̀ ìsinmi láàárín sáà nígbà yẹn. Owó tí wọ́n sì ń gbà kò jọ ti ẹni tí mílíọ̀nù èèyàn ń wo ìdájọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1978, wọ́n yanṣẹ́ lódì. Ọjọ́ kan péré ni. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n padà, nítorí pé àdéhùn tí ẹgbẹ́ ti bá àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe ṣì wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Phillips ti yọ. Ó rí i pé yàtọ̀ sí àdéhùn ẹgbẹ́, ìwé kan tún wà tí ọ́ńpáyà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fún sáà tuntun. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ti ọdún 1979. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, ta ló máa sọ pé ó yanṣẹ́ lódì? Àwọn méjì péré ló fọwọ́ sí i. Sáà bẹ̀rẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣà jọ níbí lọ́hùn-ún ni wọ́n ń dá ẹjọ́ lórí pápá, àríyànjiyàn ò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, àwọn agbanisíṣẹ́ ti gbà. Owó oṣù gòkè sí $22,000 lọ́dún fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó lè tó $50,000 fún ẹni tó ti pẹ́, wọ́n sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi láàárín sáà.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo kà sí jù nínú gbogbo rẹ̀. Owó lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ máa ń gòkè bó pẹ́ bó yá, nítorí ọjà ń gbówó lórí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbà pé ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn ní ilé, pé àwọn kan ń retí rẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò rí i pé ìyẹn kì í wá fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ọ̀nà kan ni Phillips mọ̀, ọ̀nà náà sì ń ṣe dáadáa fún un. Lọ́dún 1984, àwọn ọ́ńpáyà kò bọ́ sí pápá nígbà tí ìdíje àṣekágbá ń lọ lọ́wọ́, títí Peter Ueberroth, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di kọmíṣọ́nà, ìyẹn olórí eré baseball, fi dá sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 1995, àwọn agbanisíṣẹ́ ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Ó di oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó padà wọlé, owó oṣù sì tún gòkè. Nígbàkígbà tó bá ti dójú ẹ̀, Phillips kì í yẹ̀, àwọn tó wà ní òdìkejì ló ń yẹ̀. Báwo ni èèyàn á ṣe sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ti tẹ̀yìn yìí lè yàtọ̀?

Ṣùgbọ́n ogún ọdún ń bọ̀, ó ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Nínú àwọn tó gba iṣẹ́ nígbà tí àwọn yòókù wà níta lọ́dún 1979, mẹ́jọ wà tí wọ́n mú wá láti líìgì kékeré, tí àwọn agbanisíṣẹ́ sì ní wọ́n ti gbà síṣẹ́ pátápátá. Nígbà tí ìjà parí, àwọn mẹ́jọ yìí ò lọ. Àwọn tó padà ò dárí jì wọ́n. Pápá kan náà ni wọ́n jọ ń dúró sí, wọ́n jọ ń dá ẹjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n tí eré bá ti parí, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kò sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Dave Pallone lo ọdún mẹ́wàá nínú irú ìgbé ayé yìí. John Shulock àti Derryl Cousins, tí àwọn náà wà lára mẹ́jọ, ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọdún 1999 dé.

Ó yé mi dáadáa ìdí tí inú fi bí àwọn tó wà níta. Ẹni tó kó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sínú ewu, tó wá rí ẹlòmíì tó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sí bó ṣe fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tí mo rí sí Phillips ni pé òun ló borí, òun ni apá rẹ̀ ká a láti pe àwọn mẹ́jọ náà jókòó, kó ní kí wọ́n san ohun tó yẹ ní sísan, kí wọ́n sì wọlé. Kò ṣe é. Ogún ọdún gbáko ni ẹgbẹ́ náà fi mọ bí wọ́n ṣe ń lé èèyàn síta láìmọ bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn padà.

Ní 1999, oríṣiríṣi nǹkan ló para pọ̀. Kọmíṣọ́nà ti gba Sandy Alderson sípò láti máa bójú tó bí eré ṣe ń lọ, Alderson sì fẹ́ kí gbogbo ọ́ńpáyà máa lo ìwọ̀n kan náà fún bọ́ọ̀lù tó dáa. Ó ní kí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù máa ṣàkọsílẹ̀ ìdájọ́ wọn. Ẹ tún rántí pé títí di ìgbà yẹn, líìgì ńlá méjèèjì, American àti National, ló ní ọ́ńpáyà tirẹ̀. Àwọn tó wà lókè ti ń gbèrò láti kó gbogbo wọn sábẹ́ ọ́fíìsì kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, wọ́n ní kí Tom Hallion lọ rọ́kún nílé fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ kan agbábọ́ọ̀lù kan níbi tí wọ́n ti ń jiyàn. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n jẹ ọ́ńpáyà níyà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn gbà pé àwọn agbanisíṣẹ́ ti fẹ́ máa fi wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n. Mo rò pé òótọ́ ni wọ́n rí.

Àdéhùn wọn yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Kí ó tó parí, àdéhùn náà kò gbà kí wọ́n yanṣẹ́ lódì. Phillips tún ronú kan ìwé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, níbi ìpàdé kan ní Philadelphia, wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ìwé náà yóò sì mú ṣẹ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kò yanṣẹ́ lódì, kò sì sí òfin tó mú un. Lẹ́yìn náà, owó tó tọ́ sí àwọn tó bá lọ yóò tó nǹkan bíi $15 mílíọ̀nù, ẹ̀rù yóò sì ba àwọn agbanisíṣẹ́ láti san án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí nìyí. Lọ́dún 1979, ìwé tí wọn ò fọwọ́ sí ló gbà wọ́n. Agbára wọn wà nínú ohun tí wọ́n mú dání tí wọn ò fi sílẹ̀. Lọ́dún 1999, ìwé ni wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n gbé e lé ọwọ́ agbanisíṣẹ́, wọ́n tún kọ déètì tí òun lè gbà á sí i lára, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méje tó lè fi wá èèyàn míì. Ọgbọ́n kan náà ló jọ ní ojú ẹni tó ń gbèrò rẹ̀, nítorí pé méjèèjì ń yẹra fún àṣẹ ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan fi ọ̀bẹ síbi tó yẹ, èkejì fi èèkù lé ọ̀tá lọ́wọ́. Alderson rí i lójú ẹsẹ̀. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: yálà ìhalẹ̀ ni, tí àwọn ò ní dá lóhùn, tàbí nǹkan tí wọ́n fi lọ àwọn ni, tí àwọn lè gbà.

Wọ́n gbà á. Wọ́n gba ọ́ńpáyà tuntun 25 láti líìgì kékeré. Nínú líìgì American, àwọn kan ti ń yọ ìwé wọn padà, àwọn míì ò tilẹ̀ fi tiwọn ránṣẹ́ rí. Ẹgbẹ́ sáré lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Keje, ẹgbẹ́ ní àwọn ti fa gbogbo ìwé náà padà. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Àyè 25 ti kún.

Mo ti jókòó sí ìpàdé òṣìṣẹ́ rí nígbà tí alága ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Lákòókò yẹn, ojú kì í wo alága rárá. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ lò ń wò, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lò ń wò, bóyá ó ti ń gbéra lórí tábìlì. Ọwọ́ mẹ́ta, mẹ́rin á kọ́kọ́ lọ sókè, àwọn yòókù á sì tẹ̀ lé e wìtìwìtì. Ìyẹn kì í ṣe ojo. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ìka tó ṣẹ́. Torí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ pé 57 fọwọ́ sí i, mi ò gbọ́ pé 57 ronú rẹ̀ dópin. Mo gbọ́ pé àwọn díẹ̀ ronú, àwọn tó pọ̀ sì fọkàn tán wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹrù fi ń wúwo lọ́rùn ẹni tó dúró níwájú. Òun ló gbọ́dọ̀ sọ fún wọn láìfi bò pé: tí wọ́n bá gba ìwé yìí ńkọ́? Ta ló máa kọ́kọ́ lọ? Kí la máa jẹ ní oṣù Kẹwàá?

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Phillips kì í ṣe ọ́ńpáyà. Lọ́yà ẹgbẹ́ ni. Nínú gbogbo ìwé tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀, kò sì lè sí, nítorí kò ní iṣẹ́ yẹn tó lè fi sílẹ̀. Mi ò sọ pé kò nífẹ̀ẹ́ wọn. Ogún ọdún tó fi jà fún wọn fi hàn pé ó nífẹ̀ẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò sí nínú àwo gbọ́dọ̀ rọra kó tó ní kí wọ́n dà á sílẹ̀.

Àwọn 22 tí wọ́n gba ìwé wọn, 13 wá láti líìgì National, 9 láti líìgì American. Inú líìgì National ni ẹgbẹ́ ti dúró ṣinṣin jù. Ibẹ̀ náà ni ọ̀kọ̀ ti bà wọ́n jù. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: àwọn tó gbọ́ràn sí olórí lẹ́nu ló jìyà ju àwọn tó sá lọ. Kí ni ẹ máa sọ fún irú wọn lẹ́yìn náà? Báwo lẹ ṣe máa tún ní kí wọ́n nawọ́ sókè?

Eric Gregg wà lára wọn. Ọmọ Philadelphia ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ́ńpáyà dúdú díẹ̀ tó wà nígbà náà, ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ tó máa ń rẹ́rìn-ín lórí pápá. Àwọn kan ṣì ń bínú sí i nítorí ìdájọ́ rẹ̀ lọ́dún 1997, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Liván Hernández ti Florida ti lé àwọn agbábọ́ọ̀lù Atlanta 15 padà. Kò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ọdún 2006 ló kú, ọmọ ọdún 55 ni.

Àwọn ọ́ńpáyà ṣe ìdìbò ní òpin oṣù Kọkànlá. Ibò 57 sí 35 ni wọ́n fi fi ẹgbẹ́ Phillips sílẹ̀, tí wọ́n sì dá òmíràn sílẹ̀, World Umpires Association. John Hirschbeck ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ Hirschbeck yìí gba kí a dúró díẹ̀. Òun ni agbábọ́ọ̀lù Roberto Alomar tutọ́ sí lójú ní Toronto lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1996. Nígbà tí wọ́n ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n máa fi dá Alomar dúró, tí ìyẹn pàápàá di sáà tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ Phillips ló ní àwọn ò ní ṣiṣẹ́ nínú ìdíje àṣekágbá, tí ilé ẹjọ́ fi dá wọn dúró. Ẹgbẹ́ náà jà fún un. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó wà lára àwọn tó tú u ká. Àwọn kan pè é ní aláìmoore. Èmi rò pé ó gba ìgboyà láti sọ fún ẹni tó ti jà fún ọ pé ọ̀nà tó ń gbà báyìí máa pa àwọn èèyàn rẹ̀.

Iṣẹ́ tó wá dé ọwọ́ wọn lẹ́yìn ìdìbò le ju ìdìbò lọ. Àwọn 25 tuntun wà níbẹ̀. Àyè àwọn ọ̀rẹ́ ni wọ́n wà. Èyí gan-an ni ọ̀ràn àwọn mẹ́jọ ọdún 1979, tó tún padà wá ní ìlọ́po mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ gbà wọ́n wọlé. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni ẹni tó kọ̀wé, ẹni tó fa ìwé padà àti ẹni tó gba àyè jókòó sí. Mi ò rò pé ìfẹ́ wà láàárín wọn lọ́dún àkọ́kọ́. Ìfẹ́ kọ́ la ń wá níbẹ̀.

Ẹjọ́ àwọn 22 ń lọ níwájú Alan Symonette, onílàjà tí ìdájọ́ rẹ̀ de tọ̀tún tòsì. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2001, ó ní kí wọ́n dá àwọn mẹ́sàn-án padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ṣì tún jà á títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002. Mẹ́rin nínú wọn, tí Frank Pulli àti Terry Tata wà lára wọn, fẹ̀yìn tì. Márùn-ún padà sórí pápá: Gary Darling, Bill Hohn, Larry Poncino, Larry Vanover àti Joe West. Nínú àwọn tí ìdájọ́ náà kò kàn, àwọn bíi Bob Davidson àti Hallion padà sí líìgì kékeré, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí àwọn ti ń gbé e bọ̀, kí wọ́n tó rí ọ̀nà padà sókè. Mo máa ń ronú nípa ọ̀nà yẹn, ọkùnrin tó ti dá ẹjọ́ lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tó tún wá ń rin ìrìn àjò láàárín àwọn ìlú kéékèèké.

Ìwọ̀n bọ́ọ̀lù tó dá ìjà sílẹ̀ kò sì lọ. Lọ́dún 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà QuesTec sí àwọn pápá kan láti fi wo bí ọ́ńpáyà ṣe ń dájọ́. Àwọn ọ́ńpáyà ò fẹ́ ẹ, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ò fẹ́ ẹ. Lọ́dún 2003, agbábọ́ọ̀lù Curt Schilling fọ́ ọ̀kan ní pápá Arizona. Ẹgbẹ́ tuntun kọ ẹ̀sùn, wọ́n bá ẹ̀sùn náà lọ síwájú onílàjà, wọ́n sì fi parí rẹ̀ nínú àdéhùn. Ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò lárinrin tó ìpàdé ti Philadelphia, ìwé ìròyìn kò sì fi ṣe àkọlé ńlá, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò bọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Joe West, tó kọ̀wé lọ́dún 1999, tó sì pàdánù iṣẹ́ fún sáà méjì, ló wá di ààrẹ ẹgbẹ́ tó gba ipò ẹgbẹ́ Phillips. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ó dá ẹjọ́ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ ìkẹ 5,376, ó sì kọjá iye tí ọ́ńpáyà Bill Klem ṣe, tí kò sẹ́ni tó tíì bá láti ọdún 1941. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ràn West, mo mọ̀. Síbẹ̀, inú mi dùn pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà jókòó sórí àga náà. Ó mọ bí oṣù Kẹwàá ṣe rí nígbà tí kò sí owó tó ń wọlé.

Ní òpin ọdún 2019, ẹgbẹ́ fẹnu kò sí àdéhùn kan pé àwọn yóò bá àwọn agbanisíṣẹ́ dán ẹ̀rọ tó ń dá bọ́ọ̀lù lẹ́jọ́ wò, owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì sì gòkè nítorí rẹ̀. Láti sáà 2026, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lè ní kí ẹ̀rọ náà tún ìdájọ́ ọ́ńpáyà yẹ̀ wò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti fi bẹ̀rẹ̀ eré. Ohun tí Alderson bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé ti di iṣẹ́ kámẹ́rà. Àwọn tó ń darí àwọn ọ́ńpáyà báyìí ni yóò sọ iye ìdájọ́ tí àwọn lè jọ̀wọ́ fún ẹ̀rọ náà àti ohun tí àwọn yóò gbà dípò rẹ̀, kí àdéhùn tó wà nílẹ̀ tó parí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láìfi bò, àwọn tó jókòó sẹ́yìn pàápàá, tí wọ́n máa ń wo ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.